Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ orin ẹ̀mí ìgbàlódé, kí ni etí yín ń wá tí kò rí?

Akọ̀wé-orin:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Orin mẹ́jọ ni mo ti kọ sílẹ̀ fún àwo orin tuntun kan, a sì ti gba ohùn mẹ́ta nínú wọn sílẹ̀ ní sítúdíò. Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ ti ń lọ sópin ni arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ti pàdánù ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá kọrin fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Mo yẹ orin mi wò láti orí ìkíní dé ìkẹjọ, n kò rí ẹyọ kan tí mo lè kọ níwájú rẹ̀ kójú má tì mí. Ìṣẹ́gun ni gbogbo wọn. Ijó ni gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, orin yín dùn, ṣùgbọ́n mi ò ríbi jókòó sí nínú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní sítúdíò. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń retí nínú orin ẹ̀mí tí ẹ kì í gbọ́? Orin wo lẹ máa ń pa kó tó parí, kí ló sì fà á? Ẹ má wojú mi rárá. Ẹ̀yin akọrin, ẹ̀yin onídùùrù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń gbọ́ orin lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, gbogbo yín ni mo ń bi.

Ìyá-Àánú:
Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ akọrin kì í béèrè.

Èmi sin ọmọ mi ọkùnrin. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méje gbáko ni n kò fi lè kọrin nílé ìjọsìn. N kò fi Ọlọ́run sílẹ̀ o. Mo ń lọ, mo ń dìde nígbà tí wọ́n bá ní ká dìde, àmọ́ ẹnu mi kì í ṣí. Orin wọ̀nyẹn ń kán mi lójú. Ẹsẹ̀ kìíní á mẹ́nu ba omijé, kó tó dé ẹsẹ̀ kejì ilẹ̀ á ti mọ́, nígbà tó bá sì di ègbè, wọ́n á ti ní kí n máa jó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Èmi tí mi ò tíì lè ká aṣọ ọmọ náà kúrò lórí ibùsùn.

Sáàmù 88 ló gbà mí sílẹ̀. Ẹ lọ kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sáàmù ẹkún ló máa ń yí padà kó tó parí. Ẹni tó kọ Sáàmù 13 béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin pé yóò ti pẹ́ tó, síbẹ̀ nígbà tó dé ẹsẹ̀ kẹfà, ó ti ń kọrin sí Olúwa. Ti 88 ò yí padà. Inú òkùnkùn ló parí sí. Ẹ wá wo àkọlé rẹ̀: wọ́n ní fún olórí akọrin ni. Ẹ rò ó wò ná. Ẹnì kan kọ orin tí kò ní ìmọ́lẹ̀ lópin, wọ́n sì fi lé olórí akọrin lọ́wọ́ pé kí àwọn èèyàn Ọlọ́run máa kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá a fi ẹsẹ̀ ìṣẹ́gun kún un.

Nínú àádọ́jọ sáàmù, àwọn tó jẹ́ ẹkún àti ìráhùn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tilẹ̀ kà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ka orin mẹ́jọ tiyín. Mélòó ló jẹ́ ẹkún?

Bí mo bá lè bẹ̀ yín lóhun kan, òun ni pé kí ẹ kọ ọ̀kan tí kò ní yí padà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ rí ẹni tó máa jókòó tì í títí orin á fi parí.

Ayọ̀-kún:
Mọ̀mí, ẹ kú ọ̀fọ̀, Olúwa á máa tù yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi ò fẹ́ orin ẹkún. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni mò ń gbọ́ ìròyìn burúkú níbi iṣẹ́. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá wọ ọkọ̀ tí mò ń lọ sílé, ohun tí mo fẹ́ ni orin tí á gbé ẹ̀mí mi dìde. Bí akọrin bá tún bá mi sunkún níbẹ̀, níbo ni mo fẹ́ sá sí? Ẹ má jẹ́ ká lé ayọ̀ jáde nítorí pé a fẹ́ gba ìbànújẹ́ wọlé.

Ìyá-Àánú:
N kò bínú rárá, ọmọ mi. Òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì kejì lélẹ̀, Ẹ́sírà 3 sọ pé àwọn àgbààgbà tó ti rí ilé àkọ́kọ́ ń sunkún kíkankíkan, àwọn tó kù ń hó ìhó ayọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá ìró ẹkún mọ̀ yàtọ̀ sí ìró ayọ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ilé kan náà ni kí ó gba èmi àti ẹ̀yin.

Ọmọ-ẹ̀yìn-dùùrù:
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé-orin, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ tọwọ́ mi. Mo ti ń tẹ dùùrù nílé ìjọsìn fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì máa ń rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń dákẹ́.

Orin tuntun á jáde, gbogbo èèyàn á fẹ́ràn rẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó gbé e kalẹ̀ ní kíì (ìpele ohùn) tí akọrin náà fi kọ ọ́. Akọrin ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ sì ga fíofío. Yóò kọ ẹsẹ̀ kìíní nísàlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, yóò fo ohùn mẹ́jọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwo, ìyẹn dùn dé egungun. Nínú ìjọ, nísàlẹ̀, àwọn obìnrin ò rí ohùn náà mú. Lókè, àwọn ọkùnrin dákẹ́. Tó bá yá, àwọn mẹ́fà tó di máíìkì mú nìkan ló ń kọrin, àwa tó kù di òǹwòran.

Ohùn ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ orin kì í gbòòrò tó bí a ṣe rò. Bí ẹ bá wà ní kíì D, ẹ má sọ̀kalẹ̀ ju sòl ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má sì kọjá dó òkè. Ó tó ibi tí orin ti lè rìn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kẹ́ ẹ má gbé gbogbo ègbè lọ gbé síbẹ̀.

Ọ̀nà tí èmi fi ń dán an wò nìyí: mo máa ń pe ẹnì kan tí kì í ṣe akọrin, màá jẹ́ kó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà màá ní kó kọ ọ́ láìsí dùùrù, láìsí ìlù, láìsí kinní kan. Ibi tó bá ti ṣìnà ni mo máa ń fi àmì sí. Bí ẹni kejì náà bá tún ṣìnà níbẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ wọn mọ́. Ìlà orin yẹn ló wọ́. Mo ti tún ọ̀pọ̀ orin ṣe lọ́nà yìí, kò sí èyí tí mo kábàámọ̀.

Gbọ́-lọ́sàn-án:
Èmi ò mọ kíì, mi ò mọ sòl. Kí n ṣáà gbọ́ ohun tí akọrin ń sọ. Ó pọ̀ tí mo ti gbọ́ orin kan fún oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ níbi tí mò ń kọ tèmi.

Ẹlẹ́rọ-ohùn:
Gbọ́-lọ́sàn-án, ẹ̀bi àwa tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ nìyẹn, ẹ má bínú. Lẹ́tà bíi s, ṣ, f, k àti t ló ń jẹ́ kí etí dá ọ̀rọ̀ mọ̀, ibi tí agbára wọn sì pọ̀ sí ni nǹkan bí 2,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè. Ibẹ̀ náà ni gìtá oníná, páànù ìlù àti ohùn dùùrù àtọwọ́dá máa ń kóra jọ sí. Bí a kò bá gbá ọ̀nà mọ́ fún ohùn akọrin níbẹ̀, a lè gbé e sókè títí, ariwo á pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ò ní yéni. Ohun tó tọ́ ni kí a rẹ àwọn ohun èlò sílẹ̀ díẹ̀ níbi yẹn nígbà tí akọrin bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé-orin, nígbà tí ẹ bá padà sí sítúdíò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún orin yín pọ̀ kó lè dún ju ti ẹlòmíràn lọ. Spotify, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, máa ń mú orin gbogbo wá sí nǹkan bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó), nítorí náà èyí tó ń pariwo, rírẹ̀ ni wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àfikún ariwo yẹn á sì ṣòfò. Ohun tí ẹ pàdánù ni àlàfo tó wà láàárín ohùn jẹ́jẹ́ àti ohùn kíkan. Àlàfo yẹn ni ẹkún máa ń gbé. Bí ibi jẹ́jẹ́ àti ibi kíkan bá dọ́gba, báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ pé ẹnì kan ń mí kanlẹ̀?

Mo tún ní ẹ̀dùn ọkàn kan nípa ariwo nínú ilé ìjọsìn. Òpin ariwo tí àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ń lò ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 85 fún wákàtí mẹ́jọ, ìgbàkígbà tó bá sì fi 3 gòkè, àkókò náà á já sí méjì. Tó bá di 94, wákàtí kan péré ni. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 100 ṣe òpin ìwọ̀n ìpíndọ́gba fún ibi tí wọ́n ti ń lu orin sétí èrò. Mo ti wọn ibi tó kọjá bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ọmọ kéékèèké sì jókòó níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo sọ fún àwọn tó ni ètò náà, wọ́n ní ẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbà pé ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́. Etí tó bá bàjẹ́ lọ́nà yìí kì í san mọ́.

Bàbá-Katikíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti òwúrọ̀, ó sì wú mi lórí.

Ọ̀rọ̀ inú orin ló ń ká mi lára jù. Ohun tí a bá fi orin kọ́ni ló máa ń kù lórí ẹni. Mo ti bẹ àwọn arúgbó wò lórí ibùsùn àìsàn, àwọn tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ ọmọ wọn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ orin kan, wọ́n á bá mi parí rẹ̀ láìṣìnà. Ìwàásù tí mo ti ṣe láti ọdún yìí wá, n kò tíì rí ẹni tó ka ọ̀kan fún mi lórí ibùsùn. Nítorí náà, ẹ̀yin akọrin lẹ ń kọ́ ìjọ ju àwa lọ. Kólósè 3:16 ní kí a máa fi sáàmù, orin ìyìn àti orin ẹ̀mí kọ́ ara wa, kí a sì máa gba ara wa níyànjú.

Ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ mú orin mẹ́jọ yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí "èmi" àti "mi" wà níbẹ̀. Ẹ wá ka iye ìgbà tí orúkọ Jésù wà. N kò ní kí ẹ yọ "èmi" kúrò. Dáfídì náà sọ "èmi" púpọ̀. Ṣùgbọ́n orin mìíràn wà tí mo máa ń gbọ́ tán tí n kò ní mọ̀ bóyá Olúwa ni wọ́n ń kọ ọ́ sí tàbí àfẹ́sọ́nà. Àgbélébùú dà? Àjíǹde dà? Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ dà? Ẹni tó ṣẹ̀, tó fẹ́ padà sílé, orin wo ni kó máa kọ bọ̀ lójú ọ̀nà?

Ẹ má sì gbàgbé aládùúgbò. Nínú Ámósì 5, Ọlọ́run ní kí wọ́n mú ariwo orin wọn kúrò níwájú òun, pé kí ìdájọ́ máa ṣàn bí omi. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti ń ta tálákà nítorí bàtà ẹsẹ̀ méjì. Mo fẹ́ gbọ́ orin tí á rántí wọn, kí èmi tí mò ń kọ ọ́ lè padà sílé kí n sì wo bí mo ṣe ń lo àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́.

Ti àsọtúnsọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a ń kọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò yó mi.

Ewé-tuntun:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ẹ jẹ́ kí n fèsì díẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn, tìtìjú-tìtìjú. Sáàmù 136 sọ pé àánú rẹ̀ dúró láéláé ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nínú ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ẹsẹ̀ kan tó fò ó. Àwọn ẹ̀dá alààyè inú Ìfihàn 4 sì ń wí "Mímọ́, mímọ́, mímọ́" tọ̀sán-tòru, wọn kò sinmi. Nígbà tí mo wà nínú ìdààmú ọkàn lọ́dún tó kọjá, orin tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń sú mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo lè dì mú, mo sì ń tún un sọ títí oorun á fi gbé mi lọ. Bí ẹ bá yọ àsọtúnsọ kúrò, ẹ ti yọ ọ̀pá tí mo fi ń rìn nìyẹn sà.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlù. Ìlù tí etí wa mọ̀ ló ń yára wọnú ọkàn wa. Ẹ má fi í bú wa. Thomas Dorsey, tí wọ́n ń pè ní baba orin gospel àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, onídùùrù blues, orin ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ni tẹ́lẹ̀; Georgia Tom lorúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Àwọn ìjọ kan kọ orin rẹ̀ torí pé wọ́n gbọ́ ilé ọtí nínú rẹ̀. Lọ́dún 1932, nígbà tó lọ kọrin ní ìlú mìíràn, ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ tuntun náà sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Inú ọ̀fọ̀ yẹn ló ti kọ orin tí gbogbo ayé ń kọ títí dòní, nínú èyí tó ti ń bẹ Olúwa pé kó di òun lọ́wọ́ mú. Bí ìjọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìlù rẹ̀ pátápátá ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní California ní apá ìparí àwọn ọdún 1960 sí 1969, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba Jésù, tí wọ́n sì gbé gìtá wọn wọ ilé ìjọsìn. Larry Norman, ọ̀kan nínú wọn, gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1969, àwọn àgbààgbà kan ní rọ́ọ̀kì kò lè jẹ́ ti Ọlọ́run láé. Ibẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní orin Kristẹni ìgbàlódé ti ṣẹ̀. Ṣáájú wọn ni Isaac Watts, akọ̀wé orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó tẹ ìwé orin rẹ̀ jáde ní 1707. Sáàmù nìkan ni ọ̀pọ̀ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ nígbà náà, àwọn kan sì wò ó bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ènìyàn rọ́pò ti Ọlọ́run. Lónìí, Watts ni àwọn àgbà fi ń bá wa wí!

Bàbá-Katikíìsì:
Dìde, ọmọ mi, o káre. Ti Sáàmù 136, o mú mi. Ṣùgbọ́n tún padà lọ wò ó dáadáa. Gbólóhùn tó ń padà wá jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó ń ṣáájú rẹ̀ ń yí padà nígbà gbogbo. Ọ̀run, ilẹ̀, oòrùn, òṣùpá, Íjíbítì, Òkun Pupa, aginjù, títí dé oúnjẹ fún gbogbo ẹ̀dá. Lílé ń rìn, ègbè dúró. Bí ẹ bá ṣe é báyẹn, n kò ní ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́.

Ti gbólóhùn kan tí o dì mú lórí ibùsùn, n kò rò ó rí. Mo gbà á. Mo sì dúpẹ́ pé o wà níbí láti sọ ọ́.

Atúmọ̀-orin:
Lílé ń rìn, ègbè dúró. Ẹ ṣé sà, màá kọ ọ́ sára ògiri.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ orin láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún ẹgbẹ́ akọrin, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ jù lọ sì ni orin tí a kọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ti ní dò, rè, mí tirẹ̀ kí dùùrù tó dé. Ọkọ ni baálé, ọkọ́ ni wọ́n fi ń ro oko, ọkọ̀ ni à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń jagun. Bí orin Gẹ̀ẹ́sì bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti sọ̀kalẹ̀, a ó máa dúpẹ́ pé a ti wọ ọkọ́ ìgbàlà. Ẹni tó bá ti mọ orin náà á lóye rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Iye sílébù náà ìṣòro ni. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "grace", "oore-ọ̀fẹ́" ni lẹ́nu wa, sílébù márùn-ún. Ibi tí akọrin wọn ti ń fa ohùn gígùn, àwa á máa sáré.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yín sókè bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ gbọ́ ibi tó ń lọ sókè àti ibi tó ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ohùn orin sí i. Kò pọn dandan kí ó bára mu ní gbogbo ibi, kó ṣáà má yí ìtumọ̀ padà. Àwọn tó bá sì fẹ́ túmọ̀ orin ẹlòmíràn, kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìtumọ̀ náà wà lábẹ́ òfin.

Kò-dá-mi-lójú:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìsọ nǹkan kan, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. N kò dá ara mi lójú mọ́ nípa ìgbàgbọ́. Mo ṣì ń gbọ́ orin ẹ̀mí ṣá, lálẹ́, pẹ̀lú íápíìsì, nítorí pé òun nìkan ni okùn tó kù. Ohun tó ń lé mi sẹ́yìn ni pé gbogbo akọrin ló dá lójú. Mo mọ, mo gbà, mo rí, mi ò ṣiyèméjì. Bí mo bá bá wọn kọ ọ́, irọ́ ni mò ń pa níwájú Ọlọ́run, bó bá wà níbẹ̀. Ṣé kò lè sí orin fún ẹni tó ń béèrè?

Bàbá-Katikíìsì:
Ó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú Máàkù 9 sọ ọ́ níwájú Jésù fúnra rẹ̀ pé òun gbàgbọ́, kí ó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù ò lé e. Ó wo ọmọ náà sàn. Ẹ máa kọ orin tiyín lọ, kódà bó jẹ́ gbólóhùn yẹn nìkan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ bí ẹ bá fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀.

Olùkọ́-ọmọdé:
Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa àwọn ọmọdé. Ẹ má fún wọn ní orin yẹpẹrẹ. Àwọn náà máa ń bẹ̀rù lóru, ọ̀rẹ́ wọn náà máa ń kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan bi mí pé ṣé Ọlọ́run ń sùn ni. N kò ní orin tí mo lè fi dá a lóhùn.

Akọ̀wé-orin:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mí.

Mo ka "èmi" àti "mi" bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Nínú orin mẹ́jọ, ó wà ní ìgbà mẹ́tàléláàádóje. Jésù wà ní ìgbà mọ́kànlá, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ sì wà nínú orin kan ṣoṣo. Mo tún pe ẹni méjì tí kì í ṣe akọrin, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ-ẹ̀yìn-dùùrù ṣe sọ. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣìnà nínú orin kẹta, ibẹ̀ sì ni mo ti ń yangàn jù lọ nínú àwo yìí.

Mo ti yọ mẹ́ta kúrò. Ayọ̀-kún, méjì tó jẹ́ ti ijó jù lọ ṣì wà níbẹ̀, n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ máa gbọ́ wọn bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo sì jókòó ní òru àná, mo kọ èyí:

Ilẹ̀ ti ṣú, Olúwa, ìwọ kò tíì dé,
Epo àtùpà mi kù díẹ̀.
Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
Ojú ọ̀nà ni mò ń wò.

Wọ́n ní o gbọ́ igbe ẹyẹ lóko,
Wọ́n ní o ka irun orí mi.
Èyí tó já bọ́ lánàá ńkọ́, Olúwa?
Ṣé o kà á mọ́ ọn?

Ègbè: Mo ṣì ń pè ọ́. Mo ṣì ń pè ọ́.

Kíì D ni. Kò sọ̀kalẹ̀ ju sòl ìsàlẹ̀ lọ, kò sì kọjá là.

Atúmọ̀-orin:
Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣọ́ra níbi "ojú ọ̀nà". Kí ohùn sọ̀ kalẹ̀ lórí "ọ̀" yẹn. Bí ẹ bá gbé e dúró lórí rè, ọnà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe la ó gbọ́. Àwọn tó kù jókòó dáadáa.

Ẹlẹ́rọ-ohùn:
Dùùrù kan péré ni kí ẹ lò fún èyí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e kúrò.

Ọmọ-ẹ̀yìn-dùùrù:
Ó dára gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ tó máa yanjú rẹ̀ dà? Ibi tí Olúwa ti dé?

Akọ̀wé-orin:
Mo kọ ọ́. Mo tún pa á rẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi bóyá mo ṣe é re.

Ìyá-Àánú:
Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Mo ti kọ ọ́ nínú ilé ìdáná, n kò tilẹ̀ mọ ohùn tí ẹ fi sí i, mo wá ohùn tèmi. Arábìnrin tí ìyá rẹ̀ kú yẹn, ṣé ó ti gbọ́ ọ?

Akọ̀wé-orin:
Ẹ ṣé, Mọ̀mí. Mo kọ ọ́ fún un lórí fóònù lálẹ́ yìí. Kò sọ nǹkan kan títí tó fi parí, mo rò pé ìlà ti já. Nígbà tó yá, ó ní kí n tún un kọ. Nígbà tí mo dé ègbè, mo gbọ́ tó ń gbè é lẹ́yìn mi.